Tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì mi jó lẹ́ẹ̀mejì láàrin oṣù mẹ́ta, ṣé kí n kúkú ra ẹ́ńjìnnì míì?

OmoSoun_Takie:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí mọ́tò yìí ò jẹ́ kí n sùn mọ́.

Camry 1999 ni, ẹ́ńjìnnì 2.2 yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní 5S. Ọdún kẹrin rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi, kò yọ mí lẹ́nu rí àfi ọ̀rọ̀ táyà àti bátìrì. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn mo gbé ìyá mi lọ síbi òkú kan l'Ọ̀yọ́, lápá Akẹ́sán, ìgbà tá à ń padà bọ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tá a dé Odò Ọbà ni mo tó rí i pé gééjì ooru ẹ́ńjìnnì ti wà lókè téńté, mi ò sì lè sọ ìgbà tó kúrò láàrin torí ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi là ń sọ lọ́wọ́, ẹ sì mọ bí irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń dùn. Mo páàkì. Èéfín ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, màmá ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti ń gbàdúrà. Àwọn ọmọ kan tó ń ta èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló bá mi pọn omi wá nínú kẹ́ẹ̀gì, a dúró títí ó fi tutù, mo rọ omi sí i, mo sì rọra wà á dé Takie, ibi tó bá ti tún gbóná màá dúró, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tí mo dúró kí n tó délé.

Mẹ́káníìkì mi wò ó, ó ní tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó, ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ tó ń dí àárín tọ́pù (orí ẹ́ńjìnnì) àti bulọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì). Ó tú u lónìí, ó dè é lọ́la. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, omi tún ń gbẹ, ọ́ìlì wá rí bí ògì tí wọ́n da mílò sí. A tún pààrọ̀ ẹ̀. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni mo jókòó tì í wò láti àárọ̀ dalẹ́. Ó pa gọ́ọ̀mù sí gásíkẹ́ẹ̀tì lójú méjèèjì bí ẹni ń pa bọ́tà sí búrẹ́dì, ó dè é, ó wá ki páìpù gígùn kan bọ ọwọ́ sípánà, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ tó sanra jù nínú wọn wá gun orí páìpù yẹn ó ń fò lórí ẹ̀. Mo ní "Ọ̀gá, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?" Ó ní bóòtù tọ́pù, tí ò bá tíì ké, kò tíì le.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé. Tí mo bá ṣí rédíétọ̀ láàárọ̀ tí mo sítáàtì ẹ̀, omi á máa hó kútúkútú bí ẹ̀wà lórí iná, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ò tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́ pàápàá. Ó ti wá sọ fún mi pé ẹ́ńjìnnì ti kú, kí n lọ wá tòkunbọ̀ n'Íbàdàn. Tíṣà ni mí o, owó oṣù mi ò tó owó ẹ́ńjìnnì. Ṣé òótọ́ ló kú? Àbí gásíkẹ́ẹ̀tì tá à ń rà ni ò dáa? Àbí ibi tí wọ́n ń de bóòtù yẹn ni?


NaIlorin_Daily:

Ọ̀gá tíṣà, ẹ tà á fún àwọn onírin, ẹ fi owó ẹ̀ ra ọ̀kadà, ara á tù yín. Mo ń ṣeré o. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń ná Ìlọrin lójoojúmọ́, mo lè sọ ibi tẹ́ ẹ ti ṣe àṣìṣe fún yín: ẹ wà á délé. Mọ́tò tí gééjì ẹ̀ bá ti gòkè, ẹ pa á síbẹ̀, ìbáà jẹ́ inú igbó, kẹ́ ẹ wá ẹni tó máa fi okùn fà á. Owó okùn ò tó ìdajì ohun tẹ́ ẹ ti ná báyìí.


BabaMeka_Owode:

Tíṣà, kú ewu ọ̀nà, ìyá ò ní rí irú ẹ̀ mọ́. Mo máa pè ẹ́ lọ́mọ mi, má bínú, iṣẹ́ yìí ni mo ti ń ṣe l'Ọ̀yọ́ níbí látìgbà tí Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná ṣì jẹ́ mọ́tò ọlọ́lá.

Gásíkẹ́ẹ̀tì ò ṣẹ̀ ẹ́. Ohun tó pa èyí àkọ́kọ́ náà ló pa ìkejì, kò sẹ́ni tó wá a. Kí ló dé tí mọ́tò fi gbóná ní Odò Ọbà? Nínú gbogbo ohun tó o kọ, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti béèrè ìyẹn. Ẹ kàn ń sin òkú, ẹ ò béèrè ohun tó pa á.

Lọ kọ́kọ́ wò ó bóyá tẹmósítáàtì (ohun tó ń ṣí ọ̀nà omi lọ sí rédíétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná) wà nínú mọ́tò ẹ. Mo lè fi fìlà mi búra pé wọ́n ti yọ ọ́ jù nù. Àwa mẹ́káníìkì ilẹ̀ yìí ti gbà pé ilẹ̀ òyìnbó tó tutù ni wọ́n ṣe tẹmósítáàtì fún, tí mọ́tò bá ti gbóná ohun tá a kọ́kọ́ máa yọ nìyẹn, èmi náà ti yọ ọ́ fún èèyàn rí kí n tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ti Toyota yẹn, fáàfù méjì ló wà lára ẹ̀. Tí ọ̀kan bá ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, ìkejì á dí ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà yí po inú ẹ́ńjìnnì. Tó o bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá yẹn á wà ní ṣíṣí, apá kan omi á máa yí po láìdé rédíétọ̀ rárá, ló fi jẹ́ pé yíyọ ẹ̀ tún ń dá kún gbígbóná. Ó wà nínú ìwé tí Toyota fúnra wọn fi ń kọ́ mẹ́káníìkì. Tó o bá ra tuntun, fi òwú so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí gáàsì, má jẹ́ kó kan ìdí ìkòkò. Ní nǹkan bí 82°C, kí omi tó hó, ó yẹ kó ti máa yanu. Tí omi bá hó tí ò yanu, dá a padà fún ẹni tó tà á fún ẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo fáànù. Jẹ́ kí mọ́tò dúró lójú kan kó ṣiṣẹ́ títí ó fi gbóná dáadáa, ó yẹ kí fáànù fúnra ẹ̀ gbéra. Tó bá jẹ́ ìgbà tó o bá tan AC nìkan ló ń ṣiṣẹ́, o ti mú olè kan nìyẹn. Má jẹ́ kí ríwáyà so ó ní dàìrẹ́ẹ̀tì fún ẹ, jẹ́ kó wá ìdí ẹ̀. Ọmọrí rédíétọ̀ náà, má fojú kéré ẹ̀. Ìfúnpá tó ń há mọ́nú ni kì í jẹ́ kí omi hó ní 100, ó lè gbé e dé ìsàlẹ̀ 120 díẹ̀. Rọ́bà abẹ́ ọmọrí yẹn tó bá ti gé, omi á hó nígbà tí kò yẹ kó hó, oò sì ní rí jíjò kankan nílẹ̀.

Ó wá ku tọ́pù fúnra ẹ̀. Tọ́pù ẹ, álúmínọ́ọ̀mù ni, bulọ́ọ̀kù, irin ni. Tí ooru bá mú àwọn méjèèjì, álúmínọ́ọ̀mù máa ń gbòòrò tó ìlọ́po méjì irin. Bóòtù mẹ́wàá dè é mọ́lẹ̀, kò ríbi lọ, ó máa tẹ̀ ni, tó bá sì tutù kò ní nà padà. Láti Odò Ọbà dé Takie tó o ń wà á tó ń gbóná tó ń tutù yẹn, tọ́pù lò ń tẹ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà. Kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì tó máa dí àlàfo yẹn, ìbáà jẹ́ wúrà ni wọ́n fi ṣe é, gọ́ọ̀mù ò sì lè dí i.

Nítorí náà kí wọ́n tó de ohunkóhun, kí wọ́n fọ ojú ẹ̀ mọ́, kí wọ́n gbé rúlà irin tó gún lé e lórí ní òró, ní ìbú, àti láti igun sí igun, kí wọ́n wá fi fílà gééjì (àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) wò ó bóyá á wọ abẹ́ rúlà. 0.05 mm ni àlàfo ò gbọ́dọ̀ kọjá fún ojú tó kọjú sí bulọ́ọ̀kù. Irun orí ọ̀pọ̀ èèyàn sanra jùyẹn lọ. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ tọ́nà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fá a. Kì í ṣe sáńpépà o! Àwọn kan máa ń fi díìsì ẹ̀rọ ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, á mọ́ lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tó ń bọ́ lára díìsì yẹn á bọ́ sínú ọ́ìlì, á lọ jẹ bíárìn. Abẹ ni kí wọ́n fi tẹ́ pẹlẹbẹ, pẹ̀lú sùúrù.

Omi tó ń hó láàárọ̀ yẹn, afẹ́fẹ́ iná láti inú sílíńdà ló ń wọ inú omi. Ẹ́ńjìnnì ò kú. Má tíì ra nǹkan kan.


mech_UnderG:

Ẹ káàsán o Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. LAUTECH ni mo wà, ẹ̀rọ ni mò ń kà, ìsinmi ni mo máa fi ń bá ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ bóòtù yẹn torí ibẹ̀ ló dùn mí jù, ọmọ tó sanra tó ń fò lórí páìpù yẹn.

Ẹ fi sọ́kàn pé bóòtù tọ́pù, bíi rọ́bà ló rí. Tẹ́ ẹ bá ń dè é, ó ń nà. Bó ṣe ń fẹ́ fà padà yẹn ló ń tẹ tọ́pù mọ́ bulọ́ọ̀kù. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé nínú agbára tí apá yín ń lò, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló ń lọ sórí nínà yẹn. Gbogbo ìyókù ń ṣòfò síbi tí irin ti ń ha irin, lábẹ́ orí bóòtù àti nínú tẹ́ẹ̀dì (ìlà yíyípo tó wà lára bóòtù àti inú ihò ẹ̀). Nítorí náà tí bóòtù kan bá dógùn-ún tí ìkejì sì ní ọ́ìlì lára, agbára kan náà lẹ máa lò fún méjèèjì, wọn ò ní nà bákan náà. Èyí tó dógùn-ún á ti máa ké "kẹ́ẹ́n" lọ́wọ́ yín, ẹ ó rò pé ó ti le, bẹ́ẹ̀ kò tíì tẹ nǹkan kan. Ohun tí mẹ́káníìkì yín ń pè ní ké yẹn, irin tó dógùn-ún ló ń ké.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí wọ́n fọ tẹ́ẹ̀dì mọ́, kí wọ́n fi ọ́ìlì díẹ̀ ra á, lára tẹ́ẹ̀dì àti abẹ́ orí bóòtù, díẹ̀ o. Ihò tó wà nínú bulọ́ọ̀kù, kí wọ́n fẹ́ ẹ gbẹ. Tí omi tàbí ọ́ìlì bá wà nísàlẹ̀ ihò yẹn tẹ́ ẹ wá ń ti bóòtù bọ̀ ọ́, omi ò ṣeé tẹ̀ mọ́ra, bulọ́ọ̀kù ló máa sán.

Ti 5S yín yìí, 49 Nm ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dè é dé (36 tó bá jẹ́ ft-lb ni wọ́n kọ sójú tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì, ìyẹn sípánà tó ń wọn agbára tí wọ́n fi ń de bóòtù), kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Láti àárín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa lọ síta, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì tó kọjú sí i. Tó bá jẹ́ títú ni, ìta lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ bọ̀ wá sáàrin, ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ ti tutù pátápátá, ẹni tó bá tú u ní gbígbóná ń tẹ tọ́pù lọ́tun ni. Bàbá mi àgbà ń ṣe ìlù, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti rí irú ẹ̀ kí n tó dé yunifásítì: ẹni tó ń ṣe dùndún kì í fa ọṣán apá kan le tán kó tó bọ́ sí apá kejì, ó máa ń fa á yíká díẹ̀díẹ̀ ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ awọ á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ti dé 49, ẹ fi ọ̀dà funfun tọ́ka sí orí bóòtù kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo àmì kọjú síwájú mọ́tò. Ẹ wá yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 90°, bí ọwọ́ aago tó kúrò lórí 12 bọ́ sórí 3, ẹ tẹ̀lé ètò kan náà. Ìyípo yìí kì í tan èèyàn jẹ bíi ti apá, torí bó ti wù kí irin máa ha irin tó, tí bóòtù bá ti yí ìwọ̀n yẹn, ó ti nà ìwọ̀n yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi sílẹ̀. Kò sí "jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un".

Gọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀ọ́, kò sí láàrin tọ́pù àti bulọ́ọ̀kù. Gbígbẹ ni gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn fi ń jókòó.


Sipana_Apake:

Ẹ̀yin ọmọ ìwé ẹ kú ìwé o. Ogún ọdún ni mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì l'Ápákẹ́ níbí, mi ò lo tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì rí láyé mi, apá mi yìí ni tọ́ọ̀kì mi, àwọn kọ́sítọ́mà mi ṣì ń wa mọ́tò wọn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ mọ iṣẹ́ ni. Ẹ fẹ́ kí kọ́sítọ́mà máa fojú olè wo mẹ́káníìkì tí ò bá ní irinṣẹ́ òyìnbó.


BabaMeka_Owode:

Apake, mo gbọ́ ẹ, mi ò ní pè ẹ́ lópurọ́. Èmi náà fi apá dè é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n rántí irú ẹ́ńjìnnì tá a kọ́ṣẹ́ lórí ẹ̀. Àwọn yẹn, a máa dè é, kọ́sítọ́mà á wà á fúngbà díẹ̀, á padà wá, a ó tún un dè. Ìdèpadà yẹn ló ń bo àṣìṣe apá wa. Bóòtù tòde òní tí wọ́n ń fi ìyípo dè, kò sí ìdèpadà, wọ́n ti fà á dé ibi tó lè nà dé, ẹ̀ẹ̀kan náà lo ní.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó tì mí lójú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì wá láti Èkó, ó ní kí n fi apá de bóòtù mẹ́wàá kí òun wò ó. Mo dè é, mo tún nu ọwọ́ mi pẹ̀lú ìgbéraga. Ìgbà tó wò wọ́n, kò sí méjì tó dọ́gba. Ti àwọn tó wà níwájú le gan-an, àwọn ti ẹ̀yìn tí mo ní láti nawọ́ kọjá mánífóòdù kí n tó débẹ̀ rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló ń dùn mí lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ló hàn sí.

Àbí ìwọ náà máa ń gbé ọmọ iṣẹ́ gun páìpù?


Sipana_Apake:

Ti páìpù yẹn, rárá. Ìyẹn ò dáa. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.


OmoSoun_Takie:

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Bàbá, ẹ ò ní pàdánù fìlà yín, mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí, kò sí tẹmósítáàtì níbẹ̀, ilé ẹ̀ ṣófo gbáà. Mo bi mẹ́káníìkì, ó ní òun lòun yọ ọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn nígbà tóun ṣe sáfíìsì, "kó má baà yọ yín lẹ́nu".

Ìṣòro tó wá kù: ọmọ àdúgbò wa ni ọkùnrin yìí, bàbá ẹ̀ ló ń tọ́jú mọ́tò bàbá mi. Tí mo bá gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, kó tó dọ̀la ìyá mi á ti gbọ́. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé kó fi tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì dè é láì jẹ́ kó dà bíi pé mò ń kọ́ ọ níṣẹ́?


IyaParts_Sabo:

Tíṣà, ìwọ náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ọkùnrin. Má sọ pé "Bàbá kan l'Ọ̀yọ́ ní o ò mọ̀ ọ́n dè". Yá tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì, gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, sọ pé "Ọ̀gá, àbúrò mi kan yá mi nǹkan yìí, mi ò mọ̀ ọ́n lò, ẹ bá mi dán an wò." Ọwọ́ ara ẹ̀ ló máa fi gbà á.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta páàtì, nítorí náà gbọ́ tèmi lórí gásíkẹ́ẹ̀tì. Gbé èyí àtijọ́ dání tó o bá ń lọ rà á, kó o to méjèèjì léra, kó o gbé e sókè síta oòrùn kó o wo ihò sí ihò. Àwọn kan wà tí wọ́n jọra bí ìbejì, ihò omi kan péré ló sọnù lára ẹ̀, ó ti tó. Kó o sì gbé e wálé ní pẹlẹbẹ nínú páálí ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó so ó kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà láti Sábó dé Adénikẹ̀ẹ́, ó ti kákò kó tó sọ̀kalẹ̀, ó wá ń bú mi pé mo ta ayédèrú fún òun.

Bóòtù, ra tuntun. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ torí pé mò ń tà á. Àwọn tí ọmọ sísanra ti fò lé lórí yẹn, gbé ọ̀kan dání kó o wo ọrùn ẹ̀, ibi tí tẹ́ẹ̀dì ti bẹ̀rẹ̀, tó bá ti tín-ín-rín níbì kan ju ibòmíì lọ, ó ti nà kọjá, kò lè fà mọ́.


mech_UnderG:

Ẹ̀gbọ́n tíṣà, tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì wà lọ́wọ́ mi, ti ara mi ni. Ẹ wá gbà á ní Under-G. Tó bá ti ṣe "ká" lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n dúró o, kí wọ́n má tún fà á lẹ́ẹ̀kejì kó dájú.


BigDaddy_Arowomole:

Ẹ dákun, ṣé bákan náà ni ti Camry 2005, ẹ́ńjìnnì 2.4? Ó ti ń gbẹ omi fún mi, mo sì rí ọ̀rinrin kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, lápá inú.


mech_UnderG:

Rárá o, ẹ má fi 49 yẹn dè é, 2AZ ni ẹ́ńjìnnì tiyín, iye tiẹ̀ yàtọ̀, ẹ wo ìwé ẹ̀. Bulọ́ọ̀kù tiyín, álúmínọ́ọ̀mù ni, àwọn tí wọ́n ṣe láàrin 2002 sí 2006, tẹ́ẹ̀dì inú bulọ́ọ̀kù láwọn ihò ẹ̀yìn máa ń bọ́, bóòtù á wá tú fúnra ẹ̀ láì jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì bàjẹ́. Ibi tẹ́ ẹ ti rí ọ̀rinrin yẹn bá a mu. Tí wọ́n bá de bóòtù tó kàn ń yí tí ò le, kí wọ́n má pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì dé e, kí wọ́n lu ihò yẹn, kí wọ́n fi tẹ́ẹ̀dì irin sí i. Iṣẹ́ ẹni tó ní irinṣẹ́ ẹ̀ ni.


OmoSoun_Takie:

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ, mo padà wá jábọ̀.

Ọgbọ́n Ìyá Parts ṣiṣẹ́. Ọ̀gá gba tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó ní "ẹ jẹ́ ká wò ó". A tú tọ́pù ní àárọ̀ kùtù, mọ́tò ti sùn mọ́jú. Mo ti ra rúlà irin dání. Ìgbà tá a fọ ojú tọ́pù tán tá a gbé rúlà lé e láti igun sí igun, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi lẹ́yìn ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yọ ní àárín, láàrin sílíńdà kejì àti ìkẹta, bí ìgbà tí iná ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn. A ti fílà gééjì 0.10 mm sí abẹ́ ẹ̀, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọ̀gá nìkan ló ní "hẹn ẹ̀n". Tọ́nà n'Ílọrin ló bá wa fá a, wọ́n fi ọjọ́ méjì ṣe é.

Ihò bóòtù, a bẹ fọgánáísà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù kó fa họ́ọ̀sì ẹ̀ wá. Mo ní kí n wò ó ní títọ́, mo tẹ orí sí i, omi dúdú tó ti wà nínú ihò kẹrin látìgbà wo bu mí lójú, ó ba ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí skúù jẹ́. Ìhò mẹ́ta ló ní omi nínú. Mo ń ronú ọmọ tó ń fò lórí páìpù, ara mi bù máṣọ. Ọlọ́run ló yọ bulọ́ọ̀kù yẹn.

Bóòtù tuntun, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, kò sí gọ́ọ̀mù. Típẹ́ẹ̀sì tí mo fi ń pa àṣìṣe rẹ́ nínú ìwé mi la fi sàmì sórí bóòtù. Ìgbà tí rẹ́ǹṣì kọ́kọ́ ṣe "ká", ọ̀gá fò sẹ́yìn, ó rò pé bóòtù já ni, gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tá a yí 90° tán tí gbogbo àmì funfun mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wá kọjú sápá kan náà, ó dúró ó ń wò ó fúngbà pípẹ́.

Fáànù náà, bí Bàbá ṣe sọ ló rí, AC nìkan ló ń gbé e. Sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ ti kú, ríwáyà pààrọ̀ ẹ̀. Tẹmósítáàtì, ìyàwó mi bínú pé mo fi ìkòkò ọbẹ̀ òun se irin, ṣùgbọ́n ó yanu. A da ọ́ìlì àtijọ́ nù, a rọra rọ omi àti kúláǹtì sí i títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán. Kò hó mọ́ láàárọ̀. Sátidé tó kọjá mo wà á dé Ọ̀yọ́, gééjì ò kọjá ìsàlẹ̀ ìdajì lálọ lábọ̀, mo dúró ní Odò Ọbà mo ra èédú ńlá kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn, wọ́n ò tiẹ̀ dá mi mọ̀.


BabaMeka_Owode:

Ọmọ dáadáa. Máa wo omi ẹ láàárọ̀ fún oṣù kan sí i.


mech_UnderG:

Ẹ kú oríire Ẹ̀gbọ́n! Tọ́ọ̀kì rẹ́ǹṣì mi dà? Mo nílò ẹ̀ lọ́la.


OmoSoun_Takie:

Àbúrò, ó wà lọ́wọ́ mẹ́káníìkì. Mo lọ gbà á lánàá, ó ní kí n jọ̀ọ́, òun fẹ́ fi de tọ́pù Sienna kan ná.


mech_UnderG:

Háà. Ẹ sọ fún un kó yí i padà sí ìsàlẹ̀ pátápátá tó bá lò ó tán o, kó má fi sí 49 sùn, sípírínì inú ẹ̀ á rẹ̀.